Òwú Dúdú Tí Mo Fi Wọn Bàtà

Ọmọ ọmọ mi ló ń kọ èyí, èmi ni mo ń sọ ọ́. Èdè Ìdànrè ni mo fi ń sọ, òun ló ń yí i sí ti ìwé. Tí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ aṣọ tó ju tèmi lọ, òun ni kí ẹ bi, ẹ má bi mí. N kò mọ̀wé. Àmọ́ mo mọ ohun tí ojú mi rí, mo sì mọ ohun tí mo fi òwú wọ̀n.

Nọ́ọ̀sì wa ló fẹ́ fẹ̀yìn tì. Gbogbo àdúgbò, Nọ́ọ̀sì la ń pè é, àfi bíi pé ohun tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ nìyẹn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Nígbà tí ìjọba gbé e wá sí ilé ìgbẹ̀bí wa, ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Mo wò ó lókè, mo wò ó nílẹ̀, mo ní èyí kò tilẹ̀ lè gbé garawa omi, òun la wá fẹ́ gbé ọmọ lé lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí mo fi jẹ ọ̀rọ̀ mi. Òun ló gbẹ̀bí fún mi nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi. Òun náà ló gba ọmọ tó ń kọ ìwé yìí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó fi ọwọ́ gbá a nídìí kó tó ké. Ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Kọ ọ́ síbẹ̀, òótọ́ ni.

Inú ìjọ aláṣọ funfun kan náà la jọ wà. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi kan, àwa obìnrin ìjọ jókòó láti gbèrò ohun tí a máa fún un, torí ìsìn ìdúpẹ́ rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó bá tẹ̀ lé e ni yóò sì padà sí Ìsẹ́yìn pátápátá. Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ olórí wa, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ nílẹ̀.

Ó ní, “Aago ògiri ni. Aago ńlá, tí wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ sí àárín.”

Mo ní, “Aago kẹ̀?”

“Kí ló ṣe aago?”

“Obìnrin tí aago ti ń lé kiri láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge! Aago náà lẹ tún fẹ́ dì fún un lọ sílé? Ṣé kó lè máa ka iye wákàtí tí kò fi níṣẹ́ ṣe ni?”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá olùkọ́ fẹ̀yìn tì, tí a fún un ní aago.”

“Mo wà níbẹ̀. Ẹ lọ sílé rẹ̀ kí ẹ lọ wò ó. Ó ti fi dí ihò tí alángbá ń gbà wọlé.”

Ìyá Ìjọ tún ìró rẹ̀ ró. N kò tó ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo fi ọdún púpọ̀ ju òun lọ, kò sì lè sọ gbogbo ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣáà ní, “Ó dáa. Ẹ̀yin, kí lẹ fẹ́ fún un?”

Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀. Ẹ óò rí ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀bùn.” Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́ rà.

Bí mo ṣe ń lọ sílé ni mo gbójú sókè. Ní Ìdànrè, kò síbi tí o yíjú sí tí o kò ní rí òkè. Bí o bá ń fọ abọ́, ó ń wò ọ́. Bí o bá ń bá ọkọ rẹ jà, ó ń wò ọ́. Ìgbà tí mo rí i báyìí ni mo rántí gbèsè ẹnu mi.

Orí òkè yẹn ni wọ́n ti bí ìyá mi, kí àwọn ará wa tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí a wà yìí. Òkúta mẹ́ta tí ìyá ìyá mi fi dáná ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì ṣì jẹ́ àlejò láàárín wa, mo ṣèlérí fún un pé èmi ni n óò mú un gun òkè lọ wo ààrò náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ìgbà yẹn, kò débẹ̀ rí? Lákọ̀ọ́kọ́, a kò tíì kúrò ní ojúlé mi tí wọ́n fi wá pè é pé ìyàwó ẹnìkan ń rọbí. Lẹ́ẹ̀kejì, a dé ìdí àtẹ̀gùn, bàtà ilé ìwòsàn tó wọ̀, tí ìdí rẹ̀ ti ń yọ̀ bí ọṣẹ, gbé e ṣubú, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń tiro. Lẹ́ẹ̀kẹta, a gùn ún dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, ni ọkùnrin kan ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀ tó ń pariwo, “Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì o! Orí ọmọ ti yọ!” Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn. Ó wá di yẹ̀yẹ́ láàárín wa. Á ní, “Màmá, òkè yín ò fẹ́ mi.” Èmi á ní, “Kì í ṣe òkè, àwọn aboyún ni wọ́n ń jowú rẹ.”

Ó wá ń lọ báyìí. Bí obìnrin yẹn bá fi lè gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn láìdé orí òkè, irọ́ ni mo pa fún un láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Mo ní mo ti rí ẹ̀bùn. Bàtà tó dáa, èyí tí wọ́n fi ń sáré, tí ìdí rẹ̀ máa ń di ilẹ̀ mú. Pẹ̀lú ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ Ajé, tí n óò fi mú un gun òkè kó tó lọ.

Ó wá ku ìwọ̀n ẹsẹ̀. Mi ò lè bi í, torí yóò mọ̀.

Ẹ mọ̀ pé nínú ìjọ tiwa, ẹnìkan kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo bàtà ń dúró dè wá. Ní ìsìn ọjọ́rú, nígbà tí wọ́n ní kí kálukú di ojú, mo la tèmi, mo yọ́ jáde bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Bàtà tò lọ bẹẹrẹ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn. Mo rí i: dúdú, pẹlẹbẹ, bàtà Nọ́ọ̀sì. Òwú ìdirun wà nínú pọ́ọ̀sì mi. Mo nà án láti gìgísẹ̀ dé ibi ọmọ ìka, mo ta á ní kókó. Nítorí pé mo jẹ́ onígbàgbọ́, mo tún gbàdúrà sí i. Mo gbé ẹnu mọ́ òwú náà, mo ní, “Olúwa, jẹ́ kó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Kó má le koko mọ́ ọn. Ibi tí mo bá ní kó gbà ni kó gbà.”

Ohùn kan ní lẹ́yìn mi, “Jésù!”

Ìyá Ìjọ ni.

“Ẹ̀yin ìyá! Kí lẹ ń fi òwú dúdú wọ̀n lára bàtà mi?”

Mo ní, “Bàtà rẹ?”

“Bàtà ta ni?”

Mo wò ó dáadáa. Ọ̀dọ̀ ẹnìkan ṣoṣo ni òun àti Nọ́ọ̀sì ti ń ra bàtà, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Kí n tó sọ pé mo ṣèèṣì, gbogbo ìjọ ti tú jáde pẹ̀lú sùtánà wọn, Nọ́ọ̀sì gan-an sì wà níwájú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i?

Mo ní, “Mo kàn ń wò ó bóyá ó gùn ni.”

Ìyá Ìjọ ní, “Kó gùn dé ibo? Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará! Mo gbọ́ ọ létí ara mi, ó ní ibi tí òun bá ní kí n gbà ni kí n gbà! Nítorí ọ̀rọ̀ aago!”

Wòlíì wa jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó ní òun kò rí ìran kankan sí i, àmọ́ kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀, kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí n sì jẹ́ kí wọ́n máa ka Sáàmù sí mi létí. Mo gbà. N kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n Sáàmù kì í ba ènìyàn nínú jẹ́. Wọ́n tún ní kí n mú òwú náà wá kí wọ́n jó o. Mo ní ó ti bọ́ sọnù. Ọlọ́run dárí jì mí, etí ìró mi ni mo so ó mọ́. Ta ló máa tú ìró láàárín ọkùnrin?

Gbogbo ìyẹn kò dùn mí. Ojú Nọ́ọ̀sì ló dùn mí. Ó kàn wò mí bó ṣe máa ń wo aboyún tí kò sọ òótọ́ nípa ohun tó jẹ.

Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ mi, mo jókòó síbi pèpéle sìmẹ́ǹtì tí mo ń sá kòkó sí, ebi ń pa mí, ọmọ yìí ń ka Sáàmù bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nọ́ọ̀sì wọlé dé.

“Màmá, ẹ kú oòrùn.”

“Nọ́ọ̀sì mi, káàbọ̀.”

Kò jókòó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gun orí kòkó lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ ọ kí ìsàlẹ̀ lè yí sókè. Bí a ti ń yí kòkó nìyẹn, ẹsẹ̀ là ń fi wọ́ ọ lọ, wọ́ ọ bọ̀. Láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí ló ti ń bá mi ṣe é. Ó ní kòkó tí oòrùn ti mú, kò sí oògùn tó dà bí i rẹ̀ fún ẹsẹ̀ tó dúró láti àárọ̀.

Bàtà rẹ̀ wá nìyí nílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ti ẹlòmíì tó jọ ọ́ nítòsí. Mo fa okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan yọ, mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wá gìgísẹ̀.

“Màmá.” Ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

“Hẹ̀n.”

“Òwú wo lẹ fi wọn bàtà Ìyá Ìjọ?”

“Òwú ìdirun ni.”

“Mo mọ̀ pé òwú ìdirun ni. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Ó dé òpin pèpéle, ó yíjú padà. Kò síbi tí mo lè fi okùn sí mọ́, mo jù ú sẹ́nu.

Ó dúró. “Màmá, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń gbààwẹ̀ ni? Kí lẹ ń jẹ?”

Mo mi orí. Ọmọ yìí fi ìwé Sáàmù bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì wò wá fún ìgbà díẹ̀, ó tún yíjú, ó ń wọ́ kòkó lọ. Mo yọ okùn lẹ́nu, mo fi wọn bàtà náà, mo ta á ní kókó kíá.

Ó ní, “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń lọ, Màmá. Wọ́n ní kí n má jẹ nǹkan kan lọ́wọ́ yín mọ́. Mi ò dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ gbé ìbéèrè lọ sí Ìsẹ́yìn.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Mo ní, “Fún mi di ọjọ́ ìsinmi. Tí mi ò bá fèsì lọ́jọ́ náà, má kí mi mọ́.”

Ó bọ́ sílẹ̀ lórí kòkó, ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní, “Ó dáa, ọjọ́ ìsinmi.” Kó tó jáde, ó ní, “Okùn kù sí yín létí ẹnu.”

Ní ọjọ́ kẹta, mo mú okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sọ́jà. Ẹni tó ń ta bàtà tòkunbọ̀ ní, “Ìyá, ẹsẹ̀ dà?” Mo fún un ní okùn. Ó tẹ́ ẹ sínú èyí, ó tẹ́ ẹ sínú tọ̀hún. Bàtà kan ṣoṣo ló bá a mu nínú gbogbo òkìtì yẹn: ó pupa fòò, okùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé.

“Ṣé kò sí dúdú?”

“Ìyá, ta ló ni ín?”

“Nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì.”

“Ó ti wọ dúdú tó nígbà náà.”

Mo rà á. Ọmọ burúkú yẹn sọ òótọ́.

Ọjọ́ ìsinmi dé. Wọ́n tẹ́ tábìlì síwájú. Ilé ìwòsàn gbé aago wá. Àwọn ọlọ́jà gbé aago wá. Àwa náà gbé tiwa wá, ó tóbi ju gbogbo wọn lọ, ojú Nọ́ọ̀sì wà láàárín, ọwọ́ aago sì ń gba imú rẹ̀ kọjá. Aago mẹ́ta lórí tábìlì kan, kò sí èyí tó bá èkejì sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Mi ò wo ojú Ìyá Ìjọ. Ẹni tó wò mí ni Nọ́ọ̀sì.

Mo gbé láílọ́ọ̀nù mi lọ. Ó tú u, bàtà pupa náà yọ jáde. Ọmọdé kan ní, “Háà!”

Mo ní, “Èsì rẹ nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ ni mo ń wá tí mo fi wọn ti ẹlòmíì. Lọ́la, ọjọ́ Ajé, èmi àti ìwọ ń gun òkè. N kò gbọdọ̀ kú sínú irọ́.”

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà kí gbogbo ìjọ tó pariwo pé, “Bọ́ ọ! Ilé Ọlọ́run!” Ó bọ́ ọ, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìjọ dìde. “Nítorí bàtà ni?”

“Nítorí bàtà ni.”

“Ẹ sì jẹ́ kí n fi Bíbélì rọrí fún ọjọ́ mẹ́ta! Ọrùn ń ro mí!”

“Èmi náà, inú ń ro mí.”

Wòlíì ní kí a kọrin.

Ní ìdájí ọjọ́ Ajé, nígbà tí èmi, Nọ́ọ̀sì àti ọmọ yìí dé ìdí àtẹ̀gùn, ta la bá níbẹ̀? Ìyá Ìjọ, pẹ̀lú igo omi àti àkàrà nínú abọ́.

Mo ní, “Ta ló pè ọ́?”

Ó ní, “Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló pè mí.”

A bẹ̀rẹ̀ sí gùn. Àtẹ̀gùn òkè wa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà, tí o bá kà á, á rẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàtà pupa ń lọ níwájú, èmi ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá. A dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́, ibi tí ọkùnrin yẹn ti wá dá a padà nígbà kẹta yẹn. A jókòó. Bí a ṣe jókòó báyìí, fóònù Nọ́ọ̀sì dún.

Ìyá Ìjọ ní, “Má gbé e.” Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì ti débẹ̀. Ọwọ́ tó ti ń ṣe é láti ìgbà èwe, ṣé o lè dá a dúró?

Ó gbé e sétí. Nọ́ọ̀sì kékeré tó gba ipò rẹ̀ ló pè. A ń gbọ́ ohùn ọmọbìnrin náà: “Màmá, aboyún tó ń rọbí ti bí o! Ọkùnrin ni. Kò sí wàhálà kankan. Mo kàn ní kí n sọ fún yín ni.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Ó ti bí?”

“Ó ti bí, mà.”

Ó gbé fóònù kúrò létí, ó ń wò ó. Inú rẹ̀ dùn, mo rí i. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Bóyá bí ó ti máa ń rí fún ìyá nígbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ fúnra rẹ̀ wẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún okùn bàtà rẹ̀ dì, ó dì í le.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Mo gbé ara mi nílẹ̀. Orúnkún mi ní òun kò sí níbẹ̀. Mo tún gbìyànjú, ó tún ní kò sí níbẹ̀. Ẹ wá wo nǹkan! Ẹni tí kò lè gòkè ti ń gòkè, ẹni tó ṣèlérí ló jókòó.

Nọ́ọ̀sì ní òun kò ní fi mí sílẹ̀, òun yóò bá mi sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, “Tí o bá padà láìdé orí òkè yìí lẹ́ẹ̀kẹrin, màá gba bàtà mi.” Mo wá kọjú sí Ìyá Ìjọ. Agbo ilé wọn àti tiwa ló fara kanra lókè níbẹ̀. Mo ní, “Ìwọ lo mọ ààrò náà. Mú un débẹ̀ fún mi.”

Kò bá mi ṣàwàdà. Ó ní, “Màá mú un débẹ̀, ìyá mi.” Ó di ọwọ́ Nọ́ọ̀sì mú, wọ́n lọ. Mo ń wo bàtà pupa náà títí tó fi dà bí ẹ̀wà kan lára àpáta, tí mi ò sì rí i mọ́.

Mo jẹ gbogbo àkàrà náà. Ebi ààwẹ̀ ṣì wà lára mi. Oòrùn ti mú àpáta nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lókè réré, tó ń ké “Màmá oooo!” Àpáta ń gbà á fún àpáta. Mo dáhùn títí ohùn mi fi há.

Nígbà tí wọ́n dé, eruku dé orúnkún wọn. Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí. Ó ní, “Mo jókòó síbi ààrò ìyá ìyá yín. Òkúta mẹ́ta, bí ẹ ṣe wí.” Ó nawọ́ sísàlẹ̀. “Màmá, mo rí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí láti òkè. Kò ju ìṣáná lọ. Inú ibẹ̀ ni gbogbo ọjọ́ ayé mi wà, kò sì ju páálí ìṣáná lọ.” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí Ìyá Ìjọ fi ní, “Ẹ fún un lómi.”

Ó lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bàtà pupa ló wọ̀ wọ ọkọ̀. Kó tó lọ, ó gbé aago tiwa wá fún mi, èyí tí ojú rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. N kò mọ aago kà, ojú rẹ̀ ni mo ń wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ìjọ yà kí mi. Ó gbójú sókè sí ògiri. “Ẹ̀yin ìyá, ṣé aago tí ẹ bú nìyí?”

Mo ní, “Òun ni.”

Ó jókòó, ó bọ́ bàtà dúdú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀.

“Òwú yẹn, ṣé ó sọnù lóòótọ́?”

Mo tú etí ìró mi. Ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú kókó rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ so ó padà. Ẹ má sọ ọ́ nù o. Èmi náà á fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ kan.”